Pèrègún Méje àti Etí Mi Kan

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni búrẹ́dì tí mo rà ní ìkóríta Ore lánàá. Mo yí i wò lọ́wọ́ mi, bóyá wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tọ́rọ́ ni irú rẹ̀, èmi àti àbúrò mi á fi mu ẹ̀kọ, a ò sì ní wá oúnjẹ mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Sísì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ akẹ́rù láti Òdìgbò dé Oǹdó, orí àpò kòkó lèèyàn á sì jókòó sí. Ọlọ́kadà tó gbé mi wálé lánàá gba ẹgbẹ̀rún kan, ó tún ní òun ṣàánú irun funfun mi ni.

Ẹ̀bùn, ìyàwó àbúrò mi, ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Jámánì, ẹ yé wò ó bẹ́ẹ̀. Wíwò ò lè mú kó wálẹ̀."

Owó búrẹ́dì náà kò dùn mí púpọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo rántí tọ́rọ́ yẹn. Mo rántí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rántí àwọ̀ bébà tí wọ́n fi ń wé e. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí àwọn àgbà ní kí n má gbàgbé lọ́dún yẹn, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ààlà oko bàbá mi ni.

Oko náà wà lẹ́yìn Àgọ́ Aláyè, bí èèyàn bá ń lọ sí ọ̀nà odò kékeré kan tí kò lórúkọ. Kòkó ni bàbá mi gbìn síbẹ̀, kòkó náà ló sì rán mi lọ sí yunifásítì. Bàbá Jeremáyà ló bá wa pààlà, alàgbà ìjọ Aládùúrà kan tó máa ń wọ aṣọ funfun wá sóko, tí yóò gbàdúrà, tí yóò bọ́ ọ, tí yóò ká a sínú apẹ̀rẹ̀, kó tó mú àdá. Òun àti bàbá mi kò kọ ìwé kankan. Pèrègún méje ni wọ́n gbìn láti etí ọ̀nà títí dé ìdí ìrókò kan. Apá ọ̀tún jẹ́ tiwa, apá òsì jẹ́ tiwọn.

Wọ́n mú àwa ọmọ rìn ín. Àwa mẹ́ta ni: èmi, Akinbọ̀dé àbúrò mi, àti Sámúẹ́lì ọmọ Bàbá Jeremáyà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyí. Tí a bá dé ìdí pèrègún kan, a ó dúró, ẹni tó ni apá kejì yóò sì fa ọmọ létí. Bàbá mi kò gbọdọ̀ fa tèmi. Bàbá Jeremáyà ló fà á, bàbá mi sì fa ti Sámúẹ́lì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìjà bá dé lọ́la, ẹni tó fà ọ́ létí kò lè sọ pé ìwọ kò débẹ̀.

"Ibí ni," Bàbá Jeremáyà á wí, á sì lọ́ etí náà bí ẹni ń lọ́ ìdérí ìgò.

Sámúẹ́lì kò ké ní pèrègún kìíní. Nígbà tí a dé ìkarùn-ún, ó ti ń fi ọwọ́ bo etí kí a tó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí fún bàbá mi, "mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ti mọ̀ ọ́n," bàbá mi wí. "Etí ò tíì mọ̀ ọ́n."

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé Jámánì. Ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín kò ní gbà gbọ́. Ìtàn ni mo kà nílé, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kà á sí i. Mo rò pé ìtàn àwọn òyìnbó tó wá sí ilẹ̀ wa ni n ó kà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀, arúgbó kan tó máa ń fi sìgá sẹ́nu láì tàn án, bi mí pé irú ibo ni mo ti wá. Mo ní inú igbó ni. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó, bí wọ́n ṣe ń pín in, ẹni tó ń ni ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó kù, inú ìwé ni wọ́n ti rí igbó. Ìwọ wá bá mi ka ìwé àwọn tó gbé inú rẹ̀." Bí mo ṣe di òpìtàn Bàfáríà nìyẹn, ilẹ̀ kan ní gúúsù Jámánì, ìtàn ìgbà tó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí igi ṣì pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Èèyàn mẹ́fà ni a jọ ń gbé inú ilé kan, oṣù méjì sì kọjá kí n tó gbọ́ ohùn ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Mo máa ń kí onílé wa, opó kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹrin ó dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé nǹkan kan bàjẹ́ ní yàrá rẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó o fi ń wá mi kiri?"

"Mo kí yín ni, mà."

"O ti kí mi láàárọ̀."

Mo tọrọ gáfárà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń kí i lójúmọ́, mo sì máa ń ṣọ́ ìgbà tí n ó lò ó, bí ẹni tí wọ́n fún ní omi díẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo fọ àwo ní ilé oúnjẹ ilé-ìwòsàn kan fún ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ tó bá kúrò nínú omi ọṣẹ lówùúrọ̀ ni mo fi ń ṣí ìwé ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́sàn-án. Awọ àgùntàn ni wọ́n kọ wọ́n sí. Bí òjò bá ń ṣú, wọ́n á máa rùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí awọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé. Mo máa ń gbé imú sún mọ́ wọn nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ wa kò bá wò mí. Òórùn yẹn nìkan ló jọ tilé.

Ìwé ààlà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnì kan fi ilẹ̀ ta àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ, àwọn ẹlẹ́sìn tí kì í gbéyàwó, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀: láti ìdí igi ńlá dé orísun odò, láti orísun odò dé ibi òkúta funfun. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn orúkọ wọn ni mo rí gbólóhùn Látìn kékeré kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo kà á. Mo tún un kà. Ó ní àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni wọ́n fà létí.

Mo rẹ́rìn-ín sókè. Gbogbo orí tó wà nínú yàrá ìkàwé yẹn ló yíjú sí mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi mọ àṣà náà dáadáa, ó jẹ́ ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ wọn. Ohun tí kò dá a lójú ni ẹni tó ń fa etí. Ó rò pé ẹni tó gba ilẹ̀ ni, tàbí adájọ́.

"Aládùúgbò ni, sà," mo wí.

"Níbo lo ti kà á?"

"Mi ò kà á. Wọ́n fa tèmi."

Ó yọ sìgá kúrò lẹ́nu, ó wo etí mi pẹ́ títí, bí ẹni pé ìwé ni òun náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ wá a rí nínú awọ." Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a. Ibi mẹ́ta péré ni mo ti rí i pé aládùúgbò ló fà á. Kò tó láti borí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó tó láti fún mi níṣẹ́. Inú ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀ ni mo ti di olùkọ́, láti ibẹ̀ mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí sórí pèpéle tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan ní Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, pé Bàbá Jeremáyà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó gbọ́ Ìkálẹ̀ nínú gbọ̀ngán náà. Mo sọ ọ́ sínú.

Bí ọdún ti ń lọ, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Abúlé yìí á ní òun fẹ́ mọ ibi tí ààlà òun àti tèkejì wà láyé àtijọ́. Èmi, ọmọ Òdìgbò, á wọ bàtà roba, n ó mú wọn rìn láti òkúta dé òkúta, n ó máa fọwọ́ tọ́ka. "Ibí ni." Àwọn bàbá olójú búlúù á mi orí. Wọ́n á fún mi ní ọtí àti búrẹ́dì dúdú wọn, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni mí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé bí èèyàn ṣe ń di ọmọ ibìkan nìyẹn, kó ṣáà mọ ààlà rẹ̀. Mo fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, a ò bímọ, ó sì ti ṣáájú mi lọ. Mo mọ gbogbo òkúta tó wà láàárín abúlé tí wọ́n bí i sí àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Nígbà náà kò tíì sí fóònù alágbèéká. Bàbá mi á wọ ọkọ̀ láti Àgọ́ Aláyè wá sí Ore, sí ṣọ́ọ̀bù kan létí títì márosẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ìpè láti òkè òkun. Aago mẹ́rin ni n ó pè. Fèrè tírélà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, bàbá. Ẹ kú ìrìn."

"Kí lo jẹ?"

"Ọ̀dùnkún."

"Òun náà lo jẹ nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn."

Lọ́dún tí Bàbá Jeremáyà kú, ohùn bàbá mi yí padà. "Ó ku èmi nìkan nínú àwọn tó gbin pèrègún," ó wí. "Nígbà wo lò ń bọ̀, kí n mú ọ rin ààlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i? Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, bàbá. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí, mo ní bírò lọ́wọ́."

Tírélà kan kọjá.

"Níbí? Èèyàn mẹ́rin ló jókòó tì mí. Ọ̀kan ń jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá gbọ́ ààlà ti di ẹlẹ́rìí."

"Ẹ jẹ́ kí Akinbọ̀dé kọ ọ́ ránṣẹ́, nígbà náà."

"Akinbọ̀dé mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni àkọ́bí. Ààlà kì í ṣe lẹ́tà. Wá rìn ín."

Inú bí mi díẹ̀. Èmi tí gbogbo ọjọ́ ayé mi wà nínú ìwé ààlà, tí mo rí i pé bí kì í bá ṣe akọ̀wé ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti pòórá. Mo rò pé bàbá mi kò lóye.

Ó kú kí ọdún tó ń bọ̀ yẹn tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé fún ìsìnkú rẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe ìdánwò. Inú oko náà ni a sin ín sí, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ọkọ̀ ló gbé wa dé ibẹ̀ tó tún gbé wa padà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, Akinbọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rìn ín. Kò ní pẹ́."

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo wo bàtà mi. "Ó di ìgbà mìíràn," mo wí.

Òun náà wo bàtà náà. "Bàtà tó dáa ni," ó wí, ó sì gbé àdá padà wọlé.

Lọ́dọ̀ wa, àbúrò kì í mú ọmọ rin ààlà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣì wà láàyè. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti sin ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Nígbà tí fóònù wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn, mo ń sọ fún Akinbọ̀dé lọ́dọọdún pé kó mú àwọn ọmọ rẹ̀ rìn ín, pé mo fún un láṣẹ. "Ẹ máa pẹ́ fún wa, ẹ̀gbọ́n," á wí, á sì bi mí bí òtútù ṣe ń ṣe mí. Ọ̀wọ̀ tó ní fún mi ló fi gbé ààlà náà wọ sàréè. Ọdún méjì ti kọjá báyìí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ẹ̀bùn pè mí. Àwọn tó ń gé pákó ti gbé katapílà gba oko kọjá. Wọ́n ti hú àwọn pèrègún dànù, ìrókò ti lọ. Àwọn ọmọ Sámúẹ́lì wá ń sọ pé odò ni ààlà. Bó bá jẹ́ odò ni, a jẹ́ pé ilé tí Ẹ̀bùn ń gbé, kòkó tí Akinbọ̀dé fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú, àti ibojì bàbá àti ìyá wa, gbogbo rẹ̀ ti di tiwọn. Wọ́n ti dá ọjọ́ ní ààfin.

"Ẹ wá sọ ọ́," Ẹ̀bùn wí. "Ẹ̀yin nìkan ló kù nínú wa."

Mo dé. Mo fi ẹsẹ̀ arúgbó mi rìn ín láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ pupa lásán ni, kùkùté àti ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo dúró, mo di ojú, mo fọwọ́ kan etí mi. Ìrora yẹn wà níbẹ̀ pérépéré, ìkíní títí dé ìkeje, pẹ̀lú òórùn tábà ọwọ́ Bàbá Jeremáyà. Ṣùgbọ́n etí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Mo lọ sọ́dọ̀ Sámúẹ́lì. Àgbàlá ilé àdúrà tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń gbé. Rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀, ó ti gba ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi ṣíbí fún un ní ògì.

"Bàbá Jámánì ló wá kí yín," ọmọ náà pariwo sí i.

Mo jókòó síwájú rẹ̀. "Sámúẹ́lì, níbo ni pèrègún kìíní wà?"

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ mí, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì yè rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè pẹ̀lú wàhálà púpọ̀, ó na án dé orí mi, ó mú etí mi, ó sì lọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ọmọ náà wí. "Ẹ má bínú, sà. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Jẹ́ kó fà á," mo wí.

Ó sinmi, ó tún fà á. Mo ń kà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀méje, kò sì fi kan lé e. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ sórí itan rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, omi ń dà lójú mi, ọmọ rẹ̀ sì ń wo àwa méjèèjì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Mo bẹ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí a gbé e dé oko, bóyá ó lè tọ́ka. Wọ́n ní àwọn ò lè pa bàbá àwọn nítorí ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ààfin, Ẹ̀bùn gbé omi ìwẹ̀ fún mi, kò sì lọ.

"Ẹ tọ́ka sí ibi tó bá wù yín, bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yín. Ta ni yóò bi yín léèrè?"

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti ká ọ̀pọ̀ mọ́ńkì mọ́ inú irọ́, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ ìwé ààlà, tí wọ́n ní baba-ńlá àwọn ló kọ ọ́. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò rò ó rí pé bóyá opó kan dúró tì wọ́n pẹ̀lú korobá omi.

Ààfin kún. Ọba bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín nìyí. Níbo ni ààlà gbà?"

Mo rí àwọn ọmọ Sámúẹ́lì tó di ọwọ́ mọ́ra. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ti ṣe tán láti gba ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde.

"Kábíyèsí," mo wí, "wọ́n fa etí mi níbẹ̀. Mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Jámánì ti jẹ ẹ́," ó wí.

Wọ́n fi odò ṣe ààlà. Wọ́n ní kí a máa wá ro ibojì àwọn òbí wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí a bá ti sọ fún àwọn onílẹ̀. Ẹ̀bùn kó ẹrù rẹ̀ wá sí Ore. Ó ń ta ìpékeré fún àwọn èrò ọkọ̀ létí títì, kò jìnnà sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù fóònù yẹn wà nígbà náà. Kò bá mi wí. Ì bá sàn bó bá mi wí. Lánàá, nígbà tí mo gbé búrẹ́dì wọn yìí dé, tó rẹ́rìn-ín mi tán, ó bù ú sí méjì, ó sì na èyí tó tóbi sí mi.

Nínú àwọn tó rin ààlà náà lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Jeremáyà ti kú. Bàbá mi ti kú. Akinbọ̀dé, tó kéré jù wá lọ, ti kú. Sámúẹ́lì wà láàyè, ó sì mọ̀ ọ́n. Èmi náà wà láàyè.